Olùkọ́ Ìṣirò tí Èdè Tú Àṣírí Rẹ̀

Àlejò tí kò bá fẹ́ kí a mọ ìlú òun lè pààrọ̀ aṣọ, ó lè pààrọ̀ orúkọ, ó sì lè purọ́ ọ̀nà tí ó gbà wọ ìlú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣèèṣì pe ilé ní ‘ulé’, tí ó sì pe iṣu ní ‘usu’, àwọn tí ó jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ti mọ apá ibi tí wọ́n ti bí i. Irú èyí gan-an ni ó mú kí ọwọ́ òfin tẹ Theodore Kaczynski, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì rí. Ó lé ní ọdún 17 tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi wá a. Àmì ìka ọwọ́ rẹ̀ kò tú u. Èdè rẹ̀ ni ó tú u.

Ìlú Chicago ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, ọdún 1942. Ìran àwọn ará Poland ni ìdílé wọn. Wọn kò lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé ọmọ náà fo kíláàsì, ó sì wọ Harvard ní ọdún 1958, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ní yunifásítì Michigan, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní ọdún 1967, iṣẹ́ tí ó kọ sì gba ẹ̀bùn. Ọdún yẹn kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní Berkeley. Nígbà tí ó di ọdún 1969, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1971, ó kọ́ ahéré kan sí inú igbó ní Montana, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, tí kò ní iná mànàmáná, tí kò sì ní omi ẹ̀rọ.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 1978 títí di oṣù Kẹrin ọdún 1995, àdó olóró 16 ni ó fi ránṣẹ́ tàbí tí ó gbé sí ibi tí ènìyàn yóò ti rí i. Ènìyàn 3 kú: ẹni tí ó ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ìpolówó ọjà, àti olórí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò gẹdú. Ènìyàn 23 ni ó fara gbọgbẹ́, àwọn kan sì pàdánù ìka ọwọ́ wọn. Ó yẹ kí a rántí èyí kí a tó máa yin ọpọlọ ọkùnrin náà, nítorí àwọn kan ti kọ̀wé nípa rẹ̀ bí ẹni pé akọni ni.

Ó mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà wá òun, ó sì dí wọn. Ó lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ kékeré mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ kí ẹni tí ó bá ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lè ṣìnà. Nọ́ńbà ni ó fi kọ apá kan nínú ìwé ìrántí rẹ̀, tí ẹlòmíràn kò fi lè kà á. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì ṣìnà lóòótọ́: nígbà kan, wọ́n gbà pé ẹni tí ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe ni ọ̀daràn náà.

Ohun tí ó kó bá a ni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1995, ó fi àpilẹ̀kọ tí ó tó nǹkan bí 35,000 ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu ayé ẹ̀rọ àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ó sì ní bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde, òun yóò dẹ́kun pípa ènìyàn. Janet Reno, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, àti Louis Freeh, ọ̀gá F.B.I., fọwọ́ sí i. Washington Post sì tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Ìrètí wọn ni pé ẹnì kan níbì kan yóò dá ohùn náà mọ̀.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fura ni Linda Patrik, olùkọ́ fìlọ́sọ́fì, ìyàwó David tí í ṣe àbúrò Theodore. Obìnrin yìí kò fojú kan ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ rí. Inú lẹ́tà nìkan ni ó ti mọ̀ ọ́n. Ó rọ ọkọ rẹ̀ kí ó ka àpilẹ̀kọ náà. David rò pé òun yóò kà á tán, ọkàn ìyàwó òun yóò sì balẹ̀. Níbi tí ó ti ń kà á, ó bá gbólóhùn kékeré kan pàdé, èyí tí ó túmọ̀ sí àwọn onírònú tí ọkàn wọn tutù pẹ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó mọ̀ tí ó máa ń sọ irú rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ẹlòmíràn lè kú. Bí ó bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè pa ọmọ ìyá rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀.

Nínú ilé ìyá wọn ni wọ́n ti rí ìwé olójú-ewé 23 tí Theodore kọ ní ọdún 1971. James Fitzgerald ti F.B.I. gbé àwọn ìwé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òwe kan wà tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń bá olójúkòkòrò wí, pé kò lè ní àkàrà òyìnbó rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó tún jẹ ẹ́. Bí gbogbo ayé ti ń pa á nìyẹn. Kaczynski fi ‘jẹ’ ṣáájú ‘ní’, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará àtijọ́ ti ń pa á, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì wà nínú lẹ́tà rẹ̀ sí ìyá rẹ̀. Roger Shuy, onímọ̀ èdè, ti ṣàkíyèsí sípẹ́lì rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé ìròyìn Chicago Tribune lo sípẹ́lì tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti ọdún 1934 títí di 1975, irú sípẹ́lì bẹ́ẹ̀ sì wà nínú ìwé ọ̀daràn náà. Bí ẹnì kan bá ṣì ń kọ ‘aiye’ àti ‘enia’ láàrin wa, a kò ní dífá kí a tó mọ ìgbà tí ó lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe bu ọlá tí kò tọ́ fún àwọn onímọ̀: wọ́n lè sọ pé ará Chicago ni, ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó lè sọ orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, ọdún 1996, wọ́n mú un nínú ahéré rẹ̀. Àdó olóró kan wà níbẹ̀ tí ó ti ṣe tán. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní fífi èdè wé èdè kò tó ohun tí a fi ń tú ilé ènìyàn. Adájọ́ kò gbà. Ní ọdún 1997, ìjọba béèrè pé kí wọ́n pa á. David àti ìyá wọn bẹ̀bẹ̀ kiri. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1998, ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére. Mílíọ̀nù dọ́là kan ni ìjọba fún David. Ó ní àwọn ẹbí tí ẹ̀gbọ́n òun ṣẹ̀ ni òun yóò fún ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Theodore Kaczynski kú ní North Carolina ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, ọdún 2023. Ní gbogbo ọdún tí ó lò lẹ́wọ̀n, àbúrò rẹ̀ ń kọ lẹ́tà sí i. Kò fèsì sí ọ̀kankan.