Ìgbónájù kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìfikún ìyára

Ìgbónájù kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìfikún ìyára jẹ́ ìṣòro tí ó máa ń wáyé nígbà tí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà bá mú kí CPU, káàdì àwòrán tàbí RAM rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ìyára tí ó ju èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fọwọ́ sí lọ. Overclocking ni wọ́n ń pe ìfikún ìyára yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè máa gbóná jù, ó lè máa kú lójijì, ó sì lè máa ba fáìlì jẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín fura. Ìgbónájù àti àìdúróṣinṣin kì í ṣe ohun kan náà. Kọ̀ǹpútà tí kò gbóná lè máa kú lójijì, èyí tí ó sì gbóná gan-an lè máa ṣiṣẹ́ lọ, àmọ́ kí ó máa falẹ̀.

Ìdí tí ìyára fi ń mú ooru wá

Inú CPU òde òní kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù transistor tí ń tàn tí ń kú ní ìbámu pẹ̀lú aago inú rẹ̀. Iná tí wọ́n ń jẹ ló ń di ooru. Ohun méjì ló ń pinnu bí iná náà ṣe pọ̀ tó: ìyára aago, àti fóltéèjì tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Bí a bá fi 10% kún ìyára nìkan, ooru á fi nǹkan bí 10% pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ìyára tuntun náà bá béèrè pé kí a gbé fóltéèjì láti 1.20 V lọ sí 1.35 V, ooru á fi nǹkan bí 39% ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fáànù àti irin agbooru tí ó tó fún ti àkọ́kọ́ lè má tó fún èyí.

CPU kọ̀ọ̀kan ní ààlà ooru tirẹ̀. Ààlà ọ̀pọ̀ CPU Intel jẹ́ nǹkan bí 100 °C, ti ọ̀pọ̀ AMD Ryzen 7000 sì jẹ́ 95 °C. Bí ooru bá dé ààlà yìí, CPU á dín ìyára ara rẹ̀ kù. Bí ó bá kọjá rẹ̀, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná.

Ìtàn

Ní ọdún 1998, Intel gbé Celeron 300A jáde pẹ̀lú ìyára 300 MHz. Àwọn olùlò ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ ní 450 MHz bí wọ́n bá gbé aago mọ́dábọ́ọ̀dù láti 66 MHz sí 100 MHz. Èyí sọ ìfikún ìyára di ohun tí ó gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè sáré kọjá ààlà: ní ọdún 2000, Intel kó Pentium III oní 1.13 GHz padà kúrò lọ́jà nítorí pé kò lè parí àwọn iṣẹ́ kan láìkùnà. Ní ọdún 2024, wọ́n rí i pé àwọn CPU Intel kan ní ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ń di aláìdúróṣinṣin nítorí fóltéèjì tí ó ga jù, kódà lọ́wọ́ àwọn tí kò fi ìyára kún un. Intel gbé àtúnṣe jáde, ó sì fi ọdún méjì kún àkókò ẹ̀rí ọjà náà. Àtúnṣe yẹn kò lè wo CPU tí ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ sàn.

Àwọn àmì

* Kọ̀ǹpútà ń falẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀, ooru sì wà lẹ́bàá ààlà: fáànù, eruku tàbí ìpara àárín CPU àti irin agbooru ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.
* Kọ̀ǹpútà kú bí ẹni pé wọ́n mú iná lọ: ooru lè ti kọjá ààlà, tàbí kí àpótí iná inú rẹ̀ má lè gbé ẹrù náà.
* Ojú àṣìṣe Windows yọ nígbà tí ooru kò pọ̀: fóltéèjì lè má tó fún ìyára tuntun náà.
* Fáìlì kọ̀ láti ṣí, tàbí ètò tí a ń fi sórí kọ̀ǹpútà ń kùnà láìnídìí: RAM ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀

1. Kí a ṣe àdàkọ àwọn fáìlì pàtàkì sí ibòmíràn kí a tó ṣe ohunkóhun.
2. Kí a dá gbogbo ètò BIOS padà sí bí ilé-iṣẹ́ ṣe fi í. XMP àti EXPO tí ń mú RAM yára náà jẹ́ ìfikún ìyára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ olùlò kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà kò bá tàn dé BIOS, kí a yọ ọ́ kúrò lára iná, kí a sì yọ bátìrì CR2032 orí mọ́dábọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú díẹ̀.
3. Kí a lo kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ìṣòro bá lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìfikún ìyára ló fà á. Bí kò bá lọ, ó ṣeé ṣe kí ohun èlò kan ní àrùn.
4. Kí a fi ètò bíi HWiNFO wo ooru nígbà tí kọ̀ǹpútà ń sinmi àti nígbà tí iṣẹ́ pọ̀. Bí ooru bá fò dé ààlà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ó ṣeé ṣe kí irin agbooru má jókòó dáadáa tàbí kí ìpara ti gbẹ.
5. Kí a pa kọ̀ǹpútà, kí a gbọn eruku rẹ̀ dànù, kí a sì di abẹ fáànù mú kí ó má baà yí. Ọtí isopropyl ni a fi ń nu ìpara àtijọ́ kúrò kí a tó fi tuntun sí i.
6. Kí a fi MemTest86 dán RAM wò. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù.
7. Bí a bá ṣì fẹ́ fi ìyára kún un, kí a máa yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa fi ètò bíi Prime95 dán an wò lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan.

Ní Ọ̀tà àti agbègbè rẹ̀

Ìyànà Ìyẹsí wà ní Ọ̀tà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọ̀tà kún fún ilé-iṣẹ́, ó sì ní Covenant University, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2002, àti Bells University of Technology, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2005. Ohun mẹ́ta ló ń mú kí ìfikún ìyára le níbẹ̀ ju bó ṣe rí ní ìlú olótùútù lọ.

Èkíní ni ooru yàrá. Fáànù kò lè mú CPU tutù ju atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ sí i lọ. CPU tí ó dúró ní 80 °C nínú yàrá oní 20 °C á sún mọ́ 93 °C nínú yàrá oní 33 °C, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ètò rẹ̀. Nítorí náà, iye tí ẹlòmíràn fi síbẹ̀ ní Yúróòpù kò ṣeé dà kọ níbí. Èkejì ni eruku, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́, tí ó máa ń dí àárín irin agbooru pa. Ẹ̀kẹta ni iná. 230 V ni òṣùwọ̀n iná ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó lè lọ sókè sódò, ó sì lè lọ lójijì. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí iná ń ṣe ségesège nìkan ni kọ̀ǹpútà ń kú, kí a dán an wò lórí UPS kí a tó dẹ́bi fún ìfikún ìyára.

Ewu

Ìfikún ìyára lè mú kí ẹ̀rí ọjà di asán, fóltéèjì tí ó ga jù sì ń gé ẹ̀mí CPU kúrú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni àṣìṣe tí kì í pariwo. RAM tí kò dúró ṣinṣin lè yí nǹkan díẹ̀ padà nínú iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àkọsílẹ̀ owó oníṣòwò. Bí wọ́n bá sì ń da fáìlì náà kọ sórí àdàkọ àtijọ́ lójoojúmọ́, èyí tí ó ti bàjẹ́ á gba ipò èyí tí ó pé. Nítorí èyí, kò yẹ kí a fi iṣẹ́ tí a kò lè tún ṣe sórí kọ̀ǹpútà tí a ṣì ń dán ìyára rẹ̀ wò.