Kò Sí Nínú Ẹ́sítímétì

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òkìtìpupa, bàbá agbẹ́gilére kan ń gbé ládùúgbò wa. Lọ́dún kan, iléeṣẹ́ kan ń kọ́ ilé alájà sílùú. Bàbá gbé agbádá wọ̀, wọ́n lọ bá ọ̀gá ibẹ̀ pé àwọn fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé fún un. Ọ̀gá náà dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa. Ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ yín dùn ún wò, àmọ́ kò sí nínú ẹ́sítímétì." Ilẹ̀kùn onírin ni wọ́n gbé síbẹ̀. Bàbá padà sídìí odó àti ọpọ́n ayò. Nígbà tí wọ́n kú, kò sí ọmọ kan tó gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òbí wo ni yóò fọmọ síṣẹ́ tí kò sí nínú ẹ́sítímétì?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ ká bi ìtàn léèrè: ta ní ń sanwó ọnà tí gbogbo ìlú ń wò?

Láyé àtijọ́, ọba ni. Ẹ wo Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938. Láàrin 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Àṣà ìgbà náà ni pé ẹni tó bẹ agbẹ́gilére níṣẹ́ ní í fún un níbùgbé àti oúnjẹ. Níbo lọba ti ń rówó? Lọ́wọ́ ará ìlú náà ni: ìṣákọ́lẹ̀, owó ibodè, iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìlú ni, orúkọ ló yàtọ̀.

Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ lé e lórí. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kọ̀ láti tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí òyìnbó ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ṣe lọ nìyẹn.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ ìjọba gba ipò ọba. Ní 1964, iléeṣẹ́ mànàmáná ìjọba àpapọ̀ gbé ère Ṣàngó tí wọ́n fi idẹ rọ síwájú olú iléeṣẹ́ wọn ní Marina, l'Ékòó. Ben Enwonwu, ọmọ Onítṣà, ló ṣe é. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ni àrá ló ń ṣọ́ ilé iná! Ọ̀gá tó mọyì ọnà ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Bí ọ̀gá tó tẹ̀lé e kò bá mọyì rẹ̀ ńkọ́?

Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlú kan fi sọ ọ́ dòfin. Ní 1959, Philadelphia ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa ya owó tó tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún ọnà bí ìjọba ìlú bá ń kọ́lé. Lọ́dún kan náà, àjọ tó ń tún ìlú náà kọ́ sọ ọ́ di dandan fún aládàáni tó bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Sẹ̀nẹ̀gàl náà ṣe irú òfin yìí fún ilé ìjọba ní 1968, nígbà ìjọba Senghor.

Ẹnì kan á ní, "Omi àti ọ̀nà la ń wá, ẹ ń sọ ti ère." Òótọ́ ni. Àmọ́ a ń rówó ra táìsì òkè òkun. Ẹlòmíì á ní wọn yóò kó owó náà jẹ. Ìyẹn náà lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ẹyẹ kì í ní ká má gbin àgbàdo. Kí wọ́n kọ orúkọ oníṣẹ́ ọnà àti iye tó gbà sára ògiri, kí gbogbo ayé rí i.

Nílẹ̀ Ìkálẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé epo tó gbàwé àṣẹ, kí wọ́n bi í pé: ìpín oníṣẹ́ ọnà dà? Kí wọ́n bi ìjọba ìbílẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ká kọ ọ́ sínú ẹ́sítímétì kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, nítorí bí ilé bá ti parí, owó ti tán.