Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìtàn Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Àlòkù Wò Kí A Tó Sanwó

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí àwọn ará Òkè-Ògùn ń rà ni ó ti ní olówó mìíràn rí. Àwọn kan ti òkè òkun wá, èyí tí a mọ̀ sí tòkunbọ̀. Àwọn kan sì ti rìn lójú pópó Nàìjíríà fún ọdún pípẹ́ kí wọ́n tó di títà. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn wà lára wọn. Ọ̀dà tuntun lè bo ìpalára ara ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa ìtàn rẹ̀ rẹ́. A kọ àlàyé yìí kí olùrà ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Kíṣì àti gbogbo agbègbè wa lè mọ bí a ti ń ka ìtàn náà, kí owó iṣu, owó kaṣú tàbí owó aṣọ òfì tí a fi ọdún púpọ̀ kó jọ má bàa ṣòfò ní ọjọ́ kan.

Nọ́ńbà ṣasí ni ìpìlẹ̀

Ìwé ọkọ̀ kankan kò ní ìtumọ̀ bí nọ́ńbà ṣasí inú rẹ̀ kò bá bá ti ara ọkọ̀ mu. Láti ọdún 1981 ni nọ́ńbà ṣasí ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ti jẹ́ àmì 17, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹnì kan ti ṣì í kọ tàbí ó ti yí i padà.

Àmì àkọ́kọ́ ń sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà: 1, 4 àti 5 jẹ́ ti Amẹ́ríkà, J jẹ́ ti Japan, W jẹ́ ti Jámánì. Lára ọkọ̀ ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún tí a fi ń pe ọkọ̀: A ni 2010, E ni 2014, J ni 2018. Bí olùtà bá pe ọkọ̀ rẹ̀ ní 2018, tí àmì kẹwàá sì jẹ́ E, ọdún mẹ́rin ni ó ti gé kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà náà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ìhà awakọ̀, lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, àti lára irin níbi ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi wọ́n wé ti inú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọ́n bá ti ha á tàbí tí wọ́n ti jó irin mọ́ ọn, ẹ má ṣe tẹ̀síwájú.

Ìtàn tí ọkọ̀ gbé wá láti òkè òkun

Ní Amẹ́ríkà, àjọ NICB ní ojú ewé ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ VINCheck. Nọ́ńbà ṣasí ni a ń tẹ̀ síbẹ̀, yóò sì sọ bóyá a ti kéde pé wọ́n jí ọkọ̀ náà tàbí pé iléeṣẹ́ adójútòfò ti kà á sí òfò. Ojú ewé àjọ NHTSA ń fi hàn bóyá iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti pè é padà fún àtúnṣe tí a kò tíì ṣe. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Carfax ń ta àkójọ ìtàn tó kún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè bẹ mọ̀lẹ́bí tó wà níbẹ̀ kí ó bá yín wò ó.

Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ bíi “Salvage”, “Rebuilt” tàbí “Flood” nínú ìwé rẹ̀, ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ gidigidi rí, tàbí omi ti gbé e. Nígbà tí ìjì Harvey kọlu Houston ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, àìmọye ọkọ̀ ni omi bò mọ́lẹ̀, irú wọn sì máa ń padà sórí ọjà. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó dé òpin, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè: ẹrẹ̀, òórùn àti ìpẹtà lára ẹsẹ̀ ìjókòó yóò jẹ́rìí.

Ẹ fi iye máìlì wéra pẹ̀lú. Ó gbọ́dọ̀ máa gòkè láti àyẹ̀wò kan dé èkejì. Bí àyẹ̀wò ọdún 2019 bá kọ 96,000, tí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń kọ 61,000 lónìí, wọ́n ti yí i sẹ́yìn. Kí ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́dọọdún. Texas fòpin sí ti ààbò fún ọkọ̀ ara ẹni láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Nítorí náà, àìsí àkọsílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkọ̀ náà dára.

Ìwé ti ilé

Fún ọkọ̀ tó ti ń rìn níhìn-ín, ẹ béèrè ìwé-ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ fún ojú pópó, èyí tí àwọn VIO ń fúnni. Ohun tí ọkọ̀ jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nìkan ni ìwé náà ń jẹ́rìí sí. Nítorí náà, ẹ béèrè ti àwọn ọdún tó ti kọjá, ẹ sì béèrè ìdí bí ọdún kan bá ṣófo láàárín. Ẹ fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ wádìí lójú ewé Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC. Ẹ wádìí ìwé adójútòfò lójú ewé askNIID.

Ọ̀rọ̀ Àjọ Aṣọ́bodè ṣe pàtàkì fún àwa tí a wà nítòsí ẹnubodè Òkèrète. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tó gba Kútọnu wọ inú igbó wá lè dín lówó, ṣùgbọ́n Aṣọ́bodè lè gbẹ́sẹ̀ lé e lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé owó-orí ẹnubodè lọ sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n fi wé àkọsílẹ̀ wọn.

Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì

Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, tó gùn ní kìlómítà 65, ti dán, ó sì ń pe awakọ̀ sí eré. Ọkọ̀ tó lè sáré gbọ́dọ̀ lè dúró. Kí mẹkáníìkì tí ẹ fúnra yín yàn, tí kì í ṣe ti olùtà, yẹ bíréèkì, àwọn irin abẹ́ ọkọ̀ àti àpò afẹ́fẹ́ ààbò wò. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT lára táyà: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018. Táyà tó ti gbó kò yẹ fún eré, bó ti wù kó dán tó.

Ìgbà ìsanwó

Ẹ san owó nípasẹ̀ báńkì, ẹ kọ ìwé àdéhùn tó ní nọ́ńbà ṣasí nínú níwájú ẹlẹ́rìí, ẹ sì yí orúkọ onínǹkan padà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ láìjáfara. Bí olùtà bá kọ̀ kí ẹ wo nọ́ńbà tàbí ìwé, tàbí tó ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà rà á. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú kò ní bá wọn pín nínú rẹ̀.