Àwọn Ọdẹ Abẹ́ Ewé: Ìtàn Ilẹ̀ Yábà, Sùúrùlérè àti Múṣín

Nígbà tí àwọn oníṣègùn àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà tẹ̀dó sí Yábà ní ọdún 1925 láti wádìí ibà pọ́njú, ara ẹ̀fọn ni gbogbo ojú wọn wà, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn wí, nítorí pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927 ni àìsàn náà pa Adrian Stokes, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ní Èkó níhìn-ín. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ pé bí a bá ń sọ ìtàn kòkòrò ní òkè odò Èkó Àkéte, ìtàn ẹ̀fọn ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀, ògẹ́ẹ́rẹ́ afọkọ́yẹ́rí, kì í ṣe ẹ̀fọn nìkan ni ó bí lọ́mọ.

Àwọn tí mo fẹ́ sọ ìtàn wọn ni àwọn ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn tí ń sáré nílẹ̀, ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Carabidae, tí irú wọn tí a ti kọ sínú ìwé káàkiri ayé tó nǹkan bí 40,000. Wọn kì í ṣe èyí tí ń yí imí, wọn kì í sì í ṣe èyí tí ń gbẹ́ inú ọ̀pẹ. Ọdẹ ni wọ́n. Lọ́sàn-án, wọn a fara pamọ́ sábẹ́ ewé gbígbẹ, sábẹ́ igi wíwó àti òkúta. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a jáde pẹ̀lú ẹnu tí ó mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ìdin, ẹyin kòkòrò mìíràn àti ìgbín a sì di ẹran ìgbẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbé ẹran náà mì bẹ́ẹ̀. Wọn a tú omi ẹnu sí i lára títí yóò fi yọ́, kí wọ́n tó fà á mu.

Ará Faransé kan, Palisot de Beauvois, wà nínú àwọn àkọ́kọ́ tí ó fi àwòrán kòkòrò ilẹ̀ wa sínú ìwé títẹ̀: ó dé Warri àti Benin ní 1786, ibà lé e kúrò, ìwé rẹ̀ lórí kòkòrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1805. Ti Èkó kò sí níbẹ̀.

Kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Ìddó ní ọdún 1896, bí a bá yọ Èbúté-Mẹ́ta kúrò, níbi tí Glover, alákòóso Èkó nígbà náà, ti fún àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n sá fún Ìfọ́lé Abẹ́òkúta ní 1867 nílẹ̀, abúlé àwọn Àwórì, oko, igbó àti irà ni ó pọ̀ jù láti etí ọ̀sà títí dé Múṣín. Ilẹ̀ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, ọdẹ tí ń gbé irú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Lábẹ́ igi ńlá, irú èyí tí Ìdí-Àràbà àti Ìdí-Òro ṣì fi ń jẹ́ orúkọ, ewé jíjẹrà nípọn, òjìji tutù, ìgbín sì pọ̀. Irú ibẹ̀ ni Tefflus fẹ́ràn, dúdú, títóbi, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà gbọọrọ-gbọọrọ, òun sì ni apanìgbín. (Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n kó ọ̀kan nínú ìbátan rẹ̀ láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Hawaii kí ó lọ bá wọn pa ìgbín Áfíríkà tí ń ba oko wọn jẹ́, kò gbilẹ̀ níbẹ̀. Ọdẹ tí a bá já kúrò nínú igbó rẹ̀, kí ni yóò ṣe?) Nínú ẹrẹ̀ àti ẹ̀bá omi ni Pheropsophus wà, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ẹyin ìrẹ̀ tí ń walẹ̀; bí a bá fọwọ́ kan àgbà rẹ̀, ìdí rẹ̀ ni yóò fi yìnbọn omi tí ó gbóná bí omi tí ń hó, tí yóò sì ta sí ni lára. Lórí yanrìn gbígbẹ tí oòrùn ń pa ni àwọn ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn eléré-ìje wà, tí ọmọ wọn ń gbẹ́ ihò tààrà sínú ilẹ̀, tí ó ń fi orí ara rẹ̀ dí ẹnu ihò náà, tí ó ń ṣọ́ ohun tí yóò kọjá.

Ọ̀rúndún ogún ni ó tú ilé wọn ká. Àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, èyí ni ó sì mú kí ìjọba dá àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Yábà di ilẹ̀ tí a wọ̀n, tí a là ní òpópónà. Láti 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ àwọn onílé àti ayálégbé wá sí Sùúrùlérè, ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú ẹkún, nítorí pé wọ́n jìnnà sí ọjà àti sí ẹbí. Ẹkún àwọn ènìyàn yìí, a mọ̀ ọ́n, àwọn òǹkọ̀wé sì ti kọ ọ́. Èmi ń fi kún un pé bí wọ́n ti ń dí irà, tí wọ́n ń la gọ́tà, tí wọ́n sì ń da kọnkéré, àwọn mìíràn ń kó ẹrù tiwọn náà, láìsí ẹni tí ó yan ilẹ̀ mìíràn fún wọn.

Nínú àwọn ọdẹ wọ̀nyí, ẹni tí ó kọ́kọ́ lọ ni ẹni ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tóbi ni kò lè fò, títì ọlọ́dà kan ṣoṣo sì tó láti ya wọ́n kúrò lára àwọn ìbátan wọn. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Helsinki tí wọ́n pe ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ láti máa ri ife mọ́lẹ̀ bí pàkúté fún wọn nínú igbó, ní ẹ̀yìn ìlú àti láàárín ìlú, rí irú rẹ̀: bí a ti ń súnmọ́ ìlú, àwọn ọmọ igbó a máa dínkù, àwọn tí ó fẹ́ràn gbangba a sì máa pọ̀. Ibi tí a bá ní kí tẹ̀tẹ̀ má tẹ̀, ibẹ̀ ní í tẹ̀. Àwọn kékeré abìyẹ́, tí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bá lára mu, ni ìlú gbà láàyè.

Nínú ebè ẹ̀fọ́ lẹ́bàá ojú irin, níbi tí wọ́n ti ń pa kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ni iṣẹ́ wọn ti hàn jù. Kòkòrò tó jẹ ẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀nba lewéko ń dára mọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbin ẹ̀fọ́ kì í dá ẹjọ́ báyìí, oògùn ni ó ń fín, oògùn náà kì í sì í bèèrè ta ni olè, ta ni ọdẹ tí ń lé olè.

Ní Akọka, níbi tí Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, wà, irà àti igbó díẹ̀ ṣì kù létí ọ̀sà. Ìwáyà àti Mákòókò tí ó múlé tì í yàtọ̀: ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ni a fi pàǹtí àti ìyẹ̀fun igi láti ilé ìlàgi dí, ilẹ̀ tí kò sí nígbà ayé Glover. Lórí irú ilẹ̀ tuntun bẹ́ẹ̀, àwọn abìyẹ́ ni í kọ́kọ́ dé, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí iná àwọn ọlọ́jà alẹ́ sì ń pè wọ́n.