Orin Ológun Tó Di Orin Apanilẹ́rìn-ín

Ẹ ti gbọ́ orin náà rí nínú fíìmù: bó bá ti bẹ̀rẹ̀, apanilẹ́rìn-ín onímú pupa ń bọ̀ nìyẹn. Mo rò pé torí ẹ̀rín ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Rárá o.

Julius Fučík, ọmọ ìlú Prague tí Dvořák kọ́ lórin, ló kọ ọ́ ní Sarajevo ní ọdún 1897, nígbà tó jẹ́ olórin àwọn ọmọ ogun Austria òun Hungary. Ìtàn Róòmù wù ú, ló bá fi orúkọ àwọn gladiator pe orin ìyan náà, àwọn tí ń wọlé síbi tí wọn yóò ti jà.

Ní ọdún 1901, Louis-Philippe Laurendeau ní Kánádà tún un tò fún ẹgbẹ́ afunfèrè kékeré, ó sì fún un lórúkọ mìíràn. Àwọn eléré abẹ́ àgọ́, tí ń fi ẹṣin dárà, gbà á, wọ́n ń sáré fun ún.

Kì í ṣe pé Fučík kò mọ àwàdà. Ó kọ polka kan tí fèrè bassoon ti ń kùn bíi bàbá arúgbó tí inú ń bí. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ ká rẹ́rìn-ín.

Václav Neumann àti ẹgbẹ́ Czech Philharmonic gba orin àwọn gladiator sínú àwo. Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ má ronú kan apanilẹ́rìn-ín. Mo ti gbìyànjú, n kò tíì lè ṣe é.