Ṣòkòtò Tí Ò Bá Wa Mu: Ara Ta Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Ọ́n?

Ẹ wo bí a ṣe máa ń sọ̀rọ̀ tí ṣòkòtò bá kọ̀ tí ò wọ̀ wá. A ó ní ìdí wa ló tóbi jù, tàbí itan wa ló ki, tàbí ikùn wa ló yọ. Ó ṣọ̀wọ́n ká gbọ́ ẹni tó máa sọ pé, "Ẹni tó gé ṣòkòtò yìí ò rò tèmi mọ́ ọn." Ara la máa ń dá lẹ́bi, a kì í bi bébà tí wọ́n fi gé aṣọ léèrè ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, bébà yẹn ní ìtàn. Ẹnì kan ló yà á, ara àwọn kan ló sì wọ̀n kó tó yà á.

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹ jẹ́ ká wo inú ṣòkòtò náà fúnra rẹ̀ lónìí.

Ibi tí wàhálà wà

Agbádá, èjìká ló gbé e. Ìró, a lè tú u ká tún un ró. Bí a bá yó tán, a ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ṣòkòtò ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ìdí ká, kó pín sí ẹsẹ̀ méjì, kó gba abẹ́ kọjá láti iwájú bọ́ sí ẹ̀yìn, kó sì tún jẹ́ kí èèyàn lè jókòó, kó lè lóṣòó, kó lè gun ọ̀kadà. Ibi tó gba abẹ́ kọjá yìí làwọn télọ̀ wa ń pè ní flap. Télọ̀ tó bá gbọ́ṣẹ́ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ṣòkòtò ti ń dára, ibẹ̀ náà ló ti ń bàjẹ́.

Ẹ mú èèyàn méjì tí téèpù fún ní íńṣì 42 ní ìdí. Ẹni àkọ́kọ́, ikùn ló gbé èyí tó pọ̀ níbẹ̀ síwájú. Ẹnì kejì, ẹ̀yìn ló gbé e sí. Nọ́ńbà kan náà, ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá fi bébà kan náà gé ṣòkòtò fún àwọn méjèèjì, ti ẹni àkọ́kọ́ á máa fà níwájú, á sì máa ṣò lẹ́yìn. Ti ẹnì kejì á máa yọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó bá jókòó, á wá máa fi ọwọ́ fà á sókè níta gbangba. Ìka ò dọ́gba, ìdí náà ò sì dọ́gba.

Kí bébà tó dé

Lára àwọn ṣòkòtò tó lọ́jọ́ lórí jù tí àwọn awalẹ̀pìtàn tíì rí, ọ̀kan wá láti inú ibojì kan ní Yanghai, ní agbègbè Turfan, ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ó ti tó 3,000 ọdún. Ní 2014 ni Ulrike Beck, Mayke Wagner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde ìwádìí wọn lórí rẹ̀ jáde. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé wọn ò fi àlùmọ́gàjí gé e. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí ni wọ́n ṣe hun ún: ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, àti abala kẹta tí wọ́n rán sáàárín kí abẹ́ lè fẹ̀. Àwọn onímọ̀ náà rí i pé aṣọ ẹlẹ́ṣin ni. Ẹni tó máa ya ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ẹṣin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó nílò àyè lábẹ́.

Nílẹ̀ Yorùbá náà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ làwọn èèyàn wa gbà, àmọ́ ibi kan náà ni wọ́n já sí. Òfì tí àwọn ọkùnrin ń hun, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń mú jáde. Fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju bí íńṣì mẹ́rin sí mẹ́fà lọ. Ẹni tó bá ti rí aṣọ òkè lórí òfì ní Ìsẹ́yìn mọ ohun tí à ń sọ. Aránṣọ á to àwọn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí síra wọn, á rán wọn pọ̀ létí létí, kó tó di aṣọ tó fẹ̀. Ta ló máa ṣe gbogbo wàhálà yẹn tán, tó máa wá gé apá kan rẹ̀ dànù?

Bí kẹ̀ǹbẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Aṣọ púpọ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, okùn sì wà ní ìbàdí. Bí ẹni tó ni ín bá sanra, á dẹ okùn. Bó bá rù, á fà á. Kẹ̀ǹbẹ̀ kan náà lè bá bàbá mu lónìí, kó tún bá ọmọ mu lọ́la. Ká má sì rò pé aṣọ tó ṣò nìkan làwọn baba ńlá wa mọ̀. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, to oríṣiríṣi ṣòkòtò sínú ìwé náà, èyí tó fẹ̀ àti èyí tó fún mọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n mọ èyí tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì mọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ ẹ.

Téèpù, bébà àti nọ́ńbà

Ní Yúróòpù, àwọn télọ̀ gbájú mọ́ gígé aṣọ ní kọ́rọ́-kọ̀rọ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ ara. Nígbà tó fi máa di 1580, Juan de Alcega ti tẹ ìwé kan jáde ní Madrid tó ń fi àwòrán kọ́ àwọn télọ̀ bí wọ́n ṣe máa to abala aṣọ sórí ìpele kí aṣọ má baà ṣòfò. Àmọ́ fún ìgbà pípẹ́, télọ̀ wọn ò ní téèpù oní-íńṣì. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní bébà tàbí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀. Télọ̀ á fi yí ara rẹ̀ ká, á sì gé àmì sí ibi tí ìbàdí dé, ibi tí ìdí dé, ibi tí orúnkún dé. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Ara ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí bébà yẹn, kò sì wúlò fún ẹlòmíràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni téèpù oní-íńṣì wá gbilẹ̀. Ẹ wo ìyípadà yẹn dáadáa o. Nígbà tí ara ti di nọ́ńbà, èèyàn lè kó nọ́ńbà ọgọ́rùn-ún ènìyàn jọ, kó wá èyí tó wà láàárín, kó sì gé aṣọ fún ẹni tí ò rí rí. Ibẹ̀ ni ohun tí à ń pè ní sáìsì ti rí ẹsẹ̀ wọlé.

Máṣíìnì ìránṣọ tẹ̀lé e. Elias Howe gba ẹ̀tọ́ lórí tirẹ̀ ní 1846, Isaac Singer gba tirẹ̀ ní 1851. Nígbà tó di 1863, télọ̀ kan ní Sterling, ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ebenezer Butterick, bẹ̀rẹ̀ sí í ta pátánì bébà ní sáìsì oríṣiríṣi. Ṣáájú ìgbà yẹn, sáìsì kan ṣoṣo ni èyí tó pọ̀ jù nínú pátánì tí wọ́n ń tà. Ẹni tó bá rà á ló máa mọ bó ṣe máa fẹ̀ ẹ́ tàbí bó ṣe máa dín in kù.

Ká sọ òótọ́, oore ńlá ni Butterick ṣe. Ìyá kan ní abúlé tí kò sí télọ̀ lè rán aṣọ tó dáa fáwọn ọmọ rẹ̀. Àmọ́ bébà wọ ilé náà láìmú ojú télọ̀ dání. Télọ̀ máa ń wo bí o ṣe dúró, á rí i pé ìdí ẹ yọ sẹ́yìn, tàbí pé ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì. Bébà ò lójú.

Àwọn tí wọ́n wọ̀n, àti àwọn tí wọ́n yọ

Láàárín 1939 sí 1940, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ rán àwọn òṣìṣẹ́ jáde láti lọ wọn ara àwọn obìnrin. Ó lè dún bí ẹni pé ọ̀rọ̀ aṣọ ò kan iṣẹ́ àgbẹ̀, àmọ́ abẹ́ ẹ̀ka yẹn ni ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé àti aṣọ wà. Ruth O'Brien àti William Shelton ló kọ àbájáde rẹ̀, ó sì jáde ní 1941. Nǹkan bí 15,000 obìnrin ni wọ́n wọ̀n, ibi tí wọ́n sì wọ̀n lára ẹnì kọ̀ọ̀kan lé ní 50. Èrò wọn dáa: wọ́n fẹ́ kí àwọn tó ń rán aṣọ títà yé méfò.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun tó wá síbẹ̀, wọ́n wọn àwọn náà, wọ́n sì yọ nọ́ńbà wọn kúrò nígbà tí wọ́n ń ṣe ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọlé díẹ̀. Obìnrin dúdú kan dúró, wọ́n yí téèpù sí i lára, wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ kò dé inú ìwé.

Ní 1958, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìlànà sáìsì aṣọ obìnrin jáde, ìṣẹ́ ìwọ̀n yẹn sì wà nídìí rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà, kò yanjú, wọ́n sì pa á tì ní 1983. Láti ìgbà náà, olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ń dá sáìsì tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń ta pátánì náà ní àtẹ tiwọn, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀: wọ́n á yan ara kan, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ fún sáìsì ńlá, wọ́n á dín in kù fún sáìsì kékeré. Ẹni tí ìdí rẹ̀ ò bá jọ ti ara tí wọ́n yàn, sáìsì yòówù kó rà, ọ̀rọ̀ náà á ṣì kù síbì kan.

Bí a ṣe ń mú bébà wá sọ́dọ̀ ara

Torí náà, ẹ má sọ pé ara yín ò dáa. Ẹ tún bébà ṣe. Ìwọ̀n ìdí ni kí ẹ fi yan sáìsì ṣòkòtò. Ìbàdí rọrùn láti fún. Ẹ wá gba téèpù láti ìbàdí níwájú, kó gba abẹ́ kọjá, kó dé ìbàdí lẹ́yìn. Ẹ wọn ojú ìrán kan náà lórí bébà, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, láìka àlékún etí aṣọ mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ yín.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló yọ, ẹ mú abala ẹ̀yìn, ẹ gé e ní ìbú láti ojú ìrán àárín ẹ̀yìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má gé e já. Ẹ ṣí i bí ìlẹ̀kùn, ẹ lẹ bébà mìíràn sí àyè tó ṣí, kí ẹ sì tún ìlà náà yà kó dán. Ẹ̀yìn ti gùn sí i nìyẹn, iwájú ò sì yí padà. Bí ìdí bá pẹlẹbẹ, dípò kí ẹ ṣí i, ẹ ká a lé ara wọn. Bó bá jẹ́ itan ló ki, ẹ fi kún un ní inú ẹsẹ̀, nísàlẹ̀ abẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ olówó pọ́ọ́kú rán an wò. Bí aṣọ bá fà bí okùn, ibi tí ìlà náà dojú kọ ló fún. Bó bá rọ̀ jọ sísàlẹ̀ ìdí, aṣọ ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀? Ará Yanghai fi abala kan sáàárín, àwọn baba wa fi aṣọ púpọ̀ síbẹ̀, àwa ń ṣí bébà.

Láàárín àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ báyìí, àríyànjiyàn freehand àti pátánì ò tán. Àwọn kan ní freehand ti di iṣẹ́ àwọn ìyá àtijọ́, àwọn kan ní pátánì kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Lójú tiwa, ọ̀gá tó fi ṣọ́ọ̀kì gé aṣọ láìlo bébà, tó sì ní ìwé tó kọ ìwọ̀n yín sí, ó sún mọ́ télọ̀ tó ń gé àmì sára bébà ju bí a ṣe rò lọ: ara yín ló ń wò. Pátánì wúlò fún ẹni tó máa rán ọgọ́rùn-ún ṣòkòtò, bó bá ti mọ ara ẹni tó fi ṣe é.

Bí ẹ bá wá rí ọ̀kan tó bá yín mu gidi, ẹ ya bébà rẹ̀ sórí páálí. Ẹ kọ orúkọ yín sí i, ẹ kọ ọdún, kí ẹ fi kọ́ ara ògiri. Bí ara bá yí padà, ẹ gé òmíràn.