Bí Ojú Òpó Ayélujára Ṣe Di Ayálégbé

Bí a bá bi ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òde òní léèrè ibi tí ojú òpó ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà, wọn yóò dáhùn pé inú àwọsánmà ni. Ìdáhùn náà kò kún tó. Kò sí ojú òpó kan tí ó wà ní òfuurufú. Inú kọ̀ǹpútà kan ni ó wà, kọ̀ǹpútà náà wà nínú ilé kan, ilé náà wà ní ìlú kan. Ó ní onílé, ó ń jẹ iná mànàmáná, ó sì lè jóná. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àbójútó ojú òpó lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ bí olójú òpó ṣe kúrò ní ipò onílé tí ó di ayálégbé, nítorí pé láti inú ìtàn yìí ni iṣẹ́ tí yóò bá pàdé ti jáde.

Ní ìparí ọdún 1990, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí ńlá tí ó wà lẹ́bàá Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, sọ kọ̀ǹpútà NeXT kan di ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti lè wá ka ìwé láti ọ̀nà jíjìn. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní sẹ́fà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣọ́ ọ̀nà tọ̀sán tòru, kí ó máa gbọ́ ìpè, kí ó sì máa dáhùn. Wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn lára, wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé sẹ́fà ni ẹ̀rọ náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. A lè pe ìwé yẹn ní òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ àbójútó. Kò sí sẹ́fà kejì nígbà náà: bí ẹnìkan bá ṣèèṣì pa iná rẹ̀, gbogbo wẹ́ẹ̀bù ni ì bá dákẹ́.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda iṣẹ́ náà fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Rob McCool ti kọ ètò sẹ́fà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ́wọ́ gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1994, iṣẹ́ náà di ọmọ òrukàn. Àwọn tí ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ara wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1995, wọ́n kó àtúnṣe wọ̀nyí jọ, wọ́n sì pe ohun tí ó jáde níbẹ̀ ní Apache. Bí ènìyàn bá gbé Apache ka orí Linux, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, kò ní san kọ́bọ̀ kan lórí ètò. Ibi tí owó wà ni iná tí kì í kú àti wáyà tí kì í já. Nítorí náà ni àwọn tí ó ní méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí gba ayálégbé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà àdírẹ́sì tirẹ̀ ni ojú òpó kọ̀ọ̀kan ń lò. Òfin tuntun tí ó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997 ni ó sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tí ń béèrè ìwé dárúkọ ojú òpó tí ó ń wá, gẹ́gẹ́ bí àlejò tí ó dé agboolé ńlá ti ń dárúkọ ẹni tí ó wá rí. Láti ìgbà náà ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú òpó ti lè máa gbé lábẹ́ àdírẹ́sì kan. Owó ilé dínkù, ṣùgbọ́n òmìnira dínkù pẹ̀lú: bí aládùúgbò kan bá gba gbogbo agbára ẹ̀rọ, ìyókù a máa falẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kúrò nínú ìṣòro yìí ti dàgbà ju wẹ́ẹ̀bù fúnra rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1961, John McCarthy sọ ní MIT pé ọjọ́ kan lè dé tí a óò máa ta agbára kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí iná àti omi. Ní ọdún 1972, IBM ń ta ètò tí ó lè pín ẹ̀rọ ńlá kan sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni ó wà. Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge fi Xen ṣe irú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú. Orí Xen yìí ni Amazon gbé ọjà rẹ̀ kà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ EC2 ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2006, tí ó ń fi ẹ̀rọ háyà ní sẹ́ǹtì 10 owó Amẹ́ríkà fún wákàtí kan. Ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ọn pé ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà ni ẹgbẹ́ tí Chris Pinkham darí ti ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, ó di ọdún 2020 kí Amazon tó ṣí àwọn ilé ẹ̀rọ EC2 tirẹ̀ sí Cape Town.

Kí ni ayálégbé yìí rí gbà? Yàrá òfìfo àti kọ́kọ́rọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1995, àwọn olè jí ọ̀rọ̀ aṣínà gbé lórí wáyà Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki. Èyí ni ó mú kí Tatu Ylönen ṣe SSH, ọ̀nà tí a fi ń bá sẹ́fà sọ̀rọ̀ láti òkèèrè láìsí pé ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà lè gbọ́. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ yóò fi í wọlé, yóò ti gbogbo ilẹ̀kùn tí kò nílò, yóò sì fi àtúnṣe tuntun sí ètò orí ẹ̀rọ náà, nítorí pé àwọn tí ń ti ilẹ̀kùn wò kì í pẹ́ dé. Lẹ́yìn èyí ni orúkọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Níhìn-ín pẹ̀lú, nọ́ńbà ilé ni a ń wò kí a tó so orúkọ mọ́ ọn, nípa ètò tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní ọdún 1983. Ní ti ìwé-ẹ̀rí tí ń fi hàn pé ojú òpó kì í ṣe ayédèrú, owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rà á títí Let's Encrypt fi bẹ̀rẹ̀ sí fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìparí ọdún 2015. Ọjọ́ 90 péré ni ìwé náà ń lò nígbà náà, kí àwọn alábòójútó lè fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di ọ̀tun láìdúró de ìrántí ara wọn.

Iṣẹ́ tí ó kù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú fò. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná ṣẹ́ yọ nínú ọgbà OVH ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Ilé kan jó pátápátá, apá kan ilé kejì sì bá a lọ. Kò sí ẹ̀mí kan tí ó bá a lọ, ṣùgbọ́n ojú òpó tí ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Àwọn kan ti ní ẹ̀dà ohun ìní wọn, ṣùgbọ́n inú ọgbà kan náà ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, iná sì jó iṣu àti èbù pọ̀. Ẹni tí ẹ̀dà tirẹ̀ wà ní ìlú mìíràn lè háyà ẹ̀rọ tuntun, kí ó gbé ètò sí i, kí ó tú ẹ̀dà náà sórí rẹ̀, kí ó sì yí orúkọ ojú òpó sí nọ́ńbà tuntun.